Oògùn tí Agbára Rẹ̀ Ń Tán Lọ́wọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù wọn ní Bódìjà, Ìbàdàn)



 Ó ti mọ́ yín lára láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìtàn àwọn baba ńlá wa, nípa èdè wa, àti nípa oyè àti àṣà ilẹ̀ wa nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé oògùn oníhóró ni àwa gbé wá síwájú yín. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò bá ní ìlera kò ní ní ẹni tí yóò sọ èdè rẹ̀ tàbí tí yóò jẹ oyè rẹ̀. Ọ̀ràn tí a sì mú wá yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà àti àwa nọ́ọ̀sì nìkan. Ọ̀ràn ogún ni, ogún tí gbogbo wa jọ ni, tí gbogbo wa sì jọ ń bà jẹ́.

Oògùn tí a ń wí ni ciprofloxacin, èyí tí tọmọdé tàgbà ní Ìbàdàn ń pè ní sípró. Òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ofloxacin, levofloxacin àti moxifloxacin, ni àwọn onímọ̀ kó pọ̀ sí ìdílé kan tí wọ́n sọ ní fluoroquinolone. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró fún wákàtí kan ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní Agbowó, ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ẹ̀kọ́ bọ̀, yóò rí bí a ti ń lò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò dé, yóò ní inú ń run òun, kí wọ́n fún òun ní sípró mẹ́rin. Awakọ̀ kan tí ó ti Challenge bọ̀ yóò ní ara òun ń gbóná; wọn yóò di oògùn ibà pọ̀ mọ́ sípró fún un. Ìyá ọlọ́jà kan tí ó ń ti Dùgbẹ̀ lọ sílé yóò ní ọ̀fìnkìn àti ọ̀fun dídùn ni ó ń ṣe òun, sípró náà ni yóò sì bá lọ. Kò sí ìwé dókítà, kò sí àyẹ̀wò, kò sí ẹni tí yóò bèèrè oògùn mìíràn tí aláìsàn náà ń lò. Nígbà tí ara bá sì fúyẹ́ díẹ̀, a ó tọ́jú hóró tí ó kù sínú àpótí fún ọjọ́ mìíràn, tàbí kí a fi ta ará ilé kejì lọ́rẹ.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. A mọ̀ pé iye owó àti wákàtí tí ènìyàn ń lò ní ilé ìwòsàn ni ó ń lé ọ̀pọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn òpópónà, a sì mọ̀ pé nínú àwọn olóògùn náà, àwọn tí ń ṣe jẹ́jẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣe yìí ní èrè tirẹ̀, èrè náà kò sì dára.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya àwọn ọ̀tá tí ń bá ara jà sọ́tọ̀. Ohun tí ń fa ibà lásán ni kòkòrò tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ohun tí ń fa ọ̀fìnkìn ni fáírọ́ọ̀sì. Ìran kẹta ni bakitéríà, àwọn ni wọ́n ń fa ibà táífọ́ọ̀dù tí àwọn kan ń pè ní jẹ̀funjẹ̀fun, àti àtọ̀sí, àti ikọ́ fée, àti ọ̀pọ̀ àrùn inú ìtọ̀ àti ti ojú ọgbẹ́. Bakitéríà ni a ṣe sípró fún. Kì í wo ibà ẹ̀fọn, kò sì lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní ohunkóhun. Nítorí náà, ẹni tí ó lo sípró fún ọ̀fìnkìn, tí ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ ni ó wo ara rẹ̀ sàn. Oògùn kàn gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Ìtàn oògùn yìí bá tiwa tan ju bí a ti rò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kò ní gbàgbé chloroquine, oògùn ibà kíkorò, èyí tí ń yún ọ̀pọ̀ nínú wa lára títí a fi ń fi ara ha ògiri. Ní ọdún 1962, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni George Lesher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun kan nínú ohun tí ó ṣẹ́ kù níbi ṣíṣe chloroquine, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé ó lè pa bakitéríà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oògùn tí a ń pè ní nalidixic acid. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Japan fi èròjà fluorine kún irú oògùn bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ Bayer ní ilẹ̀ Jámánì sì ṣe ciprofloxacin. Ní ọdún 1987 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i fún lílò. Àbúrò chloroquine ni sípró jẹ́ nígbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ jẹ́ ohun ìyanu. Bakitéríà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n okùn ìran kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ìtọ́ni ìgbé ayé rẹ̀ wà lára rẹ̀. Okùn yìí gùn ju bakitéríà fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀, nítorí náà ńṣe ni ó lọ́ mọ́ra bí òwú ahunṣọ. Kí bakitéríà tó lè di méjì, ó ní láti tú okùn náà. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gyrase. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gé okùn níbi tí ó ti lọ́ jù, kí ó tú u, kí ó sì tún un so. Sípró a máa bá gyrase lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nígbà tí ó ti gé okùn tí kò sì tíì so ó, a sì dì í mú síbẹ̀. Okùn wà ní gígé, bakitéríà sì kú.

Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tí ó gbé e mì yóò rí àǹfààní tí ó súnmọ́ ti ẹni tí a fún ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ń wọ inú kíndìnrín, ó ń wọ inú egungun. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbé ètò ìwòsàn tuntun kalẹ̀ ní ọdún 2022 fún irú ikọ́ fée tí ń ṣe agídí sí oògùn, èyí tí ń gba oṣù mẹ́fà dípò ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, moxifloxacin, ọmọ ìyá sípró, wà lára oògùn mẹ́rin tí wọ́n kà sí i. Kò yẹ kí ọmọ ogun báyìí jẹ́ ẹni tí a ó máa rán lọ lé ewúrẹ́ kúrò lórí iṣu. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ni ẹ mọ̀ jù wá lọ pé Balógun kì í jáde fún gbogbo ariwo tí ó bá sọ ní ìgboro.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀tá ṣe ń kọ́ ọgbọ́n. Bí àyè bá gba bakitéríà inú ìfun tí a ń pè ní E. coli, ẹyọ kan a máa di méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé láàárín wákàtí 10 péré, ọmọ ẹyọ kan lè di 1,073,741,824. Nínú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kò lè ṣàì wà níbi dídà okùn ìran kọ. Ọ̀kan yóò wà tí ojú gyrase tirẹ̀ yí padà díẹ̀, tí sípró kò rí ibi dì í mú mọ́. Òmíràn yóò wà tí ń gbọ́n oògùn síta kúrò nínú ara rẹ̀ bí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ń jò. Oògùn kọ́ ni ó dá irú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn bá pa gbogbo àwọn tí kò ní ààbò, oko ti ṣófo fún àwọn tí ó kù, àwọn náà ni yóò sì bí sí i kún un. Ní ọdún 1998 ni a sì tún rí i pé kì í ṣe ọmọ nìkan ni bakitéríà ń fi ọgbọ́n yìí jogún fún: ó lè fi í lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, àní bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ìran kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó lo sípró ní ìlòkulò ní Ring Road lè jẹ́ okùnfà ìpọ́njú fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní Bódìjà.

A ti kìlọ̀ èyí fún aráyé tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Fleming, ẹni tí ó rí penicillin ní London ní ọdún 1928, lọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ilẹ̀ Swídìn ní oṣù Kejìlá ọdún 1945. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀, ó pa ìtàn ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn, tí ó ra penicillin fúnra rẹ̀, tí kò lò tó ìwọ̀n. Àwọn kòkòrò inú ọ̀fun rẹ̀ kọ́ bí a ti í kojú oògùn, wọ́n ràn mọ́ ìyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fún obìnrin náà ní penicillin, oògùn kò ràn án mọ́, ó sì kú. Àfiwé ni ìtàn náà. Kò pẹ́ tí ó fi di òtítọ́.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé nígbà náà, sí Ilé-Ifẹ̀, ibi tí ojúmọ́ ti mọ́ wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebayo Lamikanra ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, ẹni tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn nísinsìnyí, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe àyẹ̀wò E. coli láti inú ìgbẹ́ àwọn ènìyàn àwùjọ, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé àkọsílẹ̀ lílo oògùn láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Ṣáájú ọdún 2005, bakitéríà tí ó lè fi agídí díẹ̀ hàn sí ìdílé oògùn yìí kò tó 4 nínú 100, agídí náà kò sì ju ti nalidixic acid lọ. Ní ọdún 2005 ni èyí tí ó lè dojú kọ sípró gan-an yọjú. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2009, àwọn tí oògùn ìdílé yìí kò ràn dáadáa mọ́ ti lé ní 34 nínú 100.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n dáhùn, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Àwọn kan ti rò pé chloroquine ni ó yẹ kí a dá lẹ́bi, nítorí pé ó bá sípró tan, àwa sì ti lò ó fún ibà láti ọdún gbọọrọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, à bá wí pé àyànmọ́ ilẹ̀ olóòru ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí rí i pé ní gbogbo àkókò tí a fi ń gbé chloroquine mì yìí, agídí sí sípró kò yọjú. Ìgbà tí sípró fúnra rẹ̀ wọ ìlú ni ó yọjú, kò sì pẹ́ rárá. Ìlò sípró ni ó ń ba sípró jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ wa ni ó ṣe é, ọwọ́ wa kan náà lè dín in kù.

A ti pàdánù irú rẹ̀ rí. Chloroquine kan náà ni kòkòrò ibà kọ́ láti borí, títí ìjọba àpapọ̀ fi yí ìlànà padà ní ọdún 2005, tí ó ní kí a máa lo àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú rẹ̀. Àtọ̀sí, tí hóró sípró kan ṣoṣo ń wò sàn nígbà kan rí, ti di ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin àwọn oníṣègùn wọn yọ kúrò lára iṣẹ́ sípró láti ọdún 2007. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ní ọdún 2019, ènìyàn tí ó tó 1,270,000 ni ó kú káàkiri ayé nítorí bakitéríà tí kò gbọ́ ti oògùn mọ́. Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí sì ni ìpín ikú náà ti wúwo jù lọ.

Kì í ṣe ẹnu ènìyàn nìkan ni oògùn yìí ń gbà wọ ìlú. A ń fún adìyẹ ní enrofloxacin, tí ó jẹ́ ìbátan sípró tímọ́tímọ́. Ní ọdún 2005, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé lílò rẹ̀ fún adìyẹ, nítorí wọ́n rí i pé bakitéríà tí ó kọ́ ọgbọ́n lára adìyẹ ń dé inú ìfun ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko adìyẹ nínú wa, ẹ rò ó wò.

Oògùn náà sì ní ìyà tí ó lè fi jẹ ẹni tí ó lò ó. Ó lè mú kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wú tàbí kí ó já, pàápàá lára ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún àti ẹni tí ń lo prednisolone. Láti ọdún 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ kí a kọ ìkìlọ̀ yìí gàdàgbà sí ara ìwé oògùn náà. Ó lè ba ẹ̀rọ ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́. Ó lè ru wárápá sókè. Ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lulẹ̀ lára ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Bí ẹnìkan bá ń lò ó, tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kí ó dá a dúró kí ó sì tọ dókítà lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Aboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ lò ó bí kò ṣe pé dókítà fúnra rẹ̀ ló rí ìdí rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ tiwa, a kọ́ wa pé kí nọ́ọ̀sì tó fi oògùn lé aláìsàn lọ́wọ́, ohun márùn-ún gbọdọ̀ tọ̀nà: ẹni náà, oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara, àti àkókò rẹ̀. Bí a bá kọ sípró fún ẹnikẹ́ni nínú yín ní ẹ̀tọ́, kí ó fi omi púpọ̀ gbé e mì. Kí ó má ṣe lò ó pẹ̀lú mílíìkì tàbí yọ́gọ́ọ̀tì. Bí ó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀, tàbí oògùn ọgbẹ́ inú, kí ó lo sípró ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀ tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí a máa so mọ́ sípró nínú ikùn, wọn kì í jẹ́ kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, oògùn tí kò bá sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó, ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ fún bakitéríà. Kí ó lo iye ọjọ́ tí a kọ fún un gan-an, kí ó má ṣe dín in, kí ó má sì ṣe fi kún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nípa táífọ́ọ̀dù, nítorí òun ni orúkọ tí a fi ń ra sípró jù lọ. Àyẹ̀wò tí a ń pè ní Widal, tí a ń ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ ibi, kò tó láti fi dá ẹjọ́. Ẹni tí ibà ẹ̀fọn ń ṣe, tàbí ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti ṣe rí, lè jáde nínú rẹ̀ bí ẹni tí ó ní in lára. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ ní lábọ̀, kí a wo kòkòrò tí yóò hù níbẹ̀ àti oògùn tí ó lè pa á, ni ọ̀nà tí ó dára jù.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, kí ni a wá ń bẹ̀ yín sí? Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ọlọ́dún márùn-ún kalẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 2017. Òfin sì wà tẹ́lẹ̀: sípró kò sí lára ohun tí a fi lé olóògùn òpópónà lọ́wọ́ láti máa tà. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í rìn dé Agbowó fúnra rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olúkúlùkù yín ní àdúgbò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń rinlẹ̀. Ẹ pe àwọn olóògùn ibẹ̀ jọ, kì í ṣe láti lé wọn, bí kò ṣe láti bá wọn mulẹ̀ pé ẹni tí kò bá mú ìwé dókítà wá, kí wọ́n darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ẹ bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ níbi tí kànga àti ṣalángá bá súnmọ́ra jù, nítorí àrùn tí omi mímọ́ bá dènà kò ní nílò oògùn rárá. Ẹ bá wa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí gbígbin ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ di ohun tí apá tálákà ká. Àti nínú ilé olúkúlùkù wa, kí a wo inú àpótí wa ní alẹ́ òní. Bí a bá rí hóró sípró tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀, kí a má ṣe tọ́jú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí a dá a padà fún oníṣègùn tí yóò mọ bí a ti í sọ ọ́ nù.

Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó mọ ọjọ́ tí ọmọ tirẹ̀ yóò dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí dókítà yóò na ọwọ́ sí oògùn yìí. Ẹ jẹ́ kí agbára rẹ̀ ṣẹ́ kù di ọjọ́ náà.